Téèpù kan, ìwọ̀n mẹ́fà: bí mo ṣe rí sáìsì kọ́mú mi

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi wọ kọ́mú 38C. Èmi kọ́ ni mo yàn án. Òǹtajà kan ló fi téèpù yí mi ká lórí bùláòsì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wọ̀n mí lábẹ́ ọmú, ó rí íńṣì 34; ó fi 4 kún un, ó ní 38 nìyẹn. Ó wọ̀n mí lórí ọmú, ó rí 40. "38B lẹ máa wọ̀," ló wí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà nínú páálí kí n tó dáhùn. B yẹn há mọ́ mi débi pé ọmú ń yọ lókè rẹ̀ tí mo bá ti tẹ̀ síwájú díẹ̀, ni mo bá fúnra mi bọ́ sórí C, ibẹ̀ ni mo sì wà.

Ẹni tó bá ti wọ kọ́mú tí kì í ṣe sáìsì rẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ á dúró dáadáa. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti gòkè lọ sí ìsàlẹ̀ egungun èjìká, iwájú á sì ti wálẹ̀. Màá fa okùn èjìká mọ́ra, màá tún fà á, títí okùn náà á fi kọ ilà sí èjìká mi méjèèjì. Tí mo bá nawọ́ mú nǹkan lókè kọ́bọ́ọ̀dù, wáyà abẹ́ rẹ̀ á gun orí ọmú, àfi kí n yà sí kọ̀rọ̀ kan láti fà á wálẹ̀. Mo gbà pé ọmú tèmi ló ṣòro. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí lónìí.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí ni ọ̀nà tí obìnrin fi lè wọn ara rẹ̀ nílé lọ́nà mẹ́fà kó tó ra kọ́mú, pẹ̀lú téèpù méjì tí mo fi ṣe é, torí pé téèpù gan-an ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò yé mi láti ọjọ́ yìí. Nọ́ńbà tó wà lára kọ́mú kì í ṣe ti ọmú. Ti igbá àyà ni. 34 ń sọ bí igbá àyà èèyàn ṣe tó yíká lábẹ́ ọmú. Lẹ́tà ló kan ọmú, lẹ́tà náà kò sì dá dúró: ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n abẹ́ ọmú àti ìwọ̀n orí ọmú ló ń sọ. Ìdí nìyẹn tí D tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 32 kò fi tóbi tó D tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 38. Tí ẹnì kan bá ní "D ni èmi o," kò tíì sọ nǹkan kan. Àfi tó bá fi nọ́ńbà kún un.

Ó yá, ọ̀rọ̀ téèpù. Téèpù aláṣọ kan ti wà nínú àpótí ìránṣọ mi láti ìgbà tí mi ò rántí mọ́, òun ni mo kọ́kọ́ mú jáde. Mo wọn abẹ́ ọmú, mo rí 32. Àbúrò mi obìnrin, tó máa ń ránṣọ, ló ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wo téèpù yìí fúnra rẹ̀ ná." Ó mú rúlà wá, ó tẹ́ téèpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ìka di orí méjèèjì mú. Níbi tí rúlà ti kọ 12, téèpù mi kò tíì dé 12. Ó ń kọ 11 àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ti nà láti ọdún yìí wá, íńṣì rẹ̀ sì ti gùn ju íńṣì lọ, torí náà ohunkóhun tó bá wọ̀n, á sọ pé ó kéré. Lórí igbá àyà bíi tèmi, íńṣì kan odindi ló ń gbé mì. Íńṣì kan sì ni odindi lẹ́tà kan lára kọ́mú. Ẹ wo bí èèyàn ṣe lè fara balẹ̀ wọn ara rẹ̀ bó ṣe yẹ, kó sì tún ṣìnà látàrí téèpù.

Téèpù tí mo wá rà ni èyí tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun sínú ọ̀rá, irú èyí tí àwọn téló ń kọ́ sọ́rùn. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 150, íńṣì wà lójú kan, sẹ̀ǹtímítà wà lójú kejì, wọ́n sì pín íńṣì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́jọ. Irin pẹlẹbẹ wà ní orí rẹ̀ méjèèjì, etí irin náà gan-an sì ni òdo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ ìyẹn wò lára tiyín, torí mo ti rí èyí tí òdo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn irin. A tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rúlà, 12 rẹ̀ bá 12 mu rẹ́gí. Oṣù mẹ́rin rèé, ó ṣì ń bá a mu. Àléébù kan tí mo rí lára rẹ̀ ni pé ó ń yọ̀. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀, àti pé bí wọ́n ṣe ká a pọ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ fi ojú ìṣẹ́ sílẹ̀ tí kò jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ara ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ di ọjọ́ kejì kó tó tọ́.

Ìkejì ni èyí tó ń ká ara rẹ̀ wọ inú ilé rẹ̀ tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì. Orí rẹ̀ ní ìkọ́ tí a ń fi há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè yí ara ká, kí ọwọ́ kan ṣoṣo sì tó o. Inú mi dùn sí i nígbà tí mo rí i, mo rò pé ó máa yọ mí nínú wàhálà. Fún ìbàdí, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì inú rẹ̀ kì í sinmi. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín egungun àti ẹran rírọ̀. Bó ṣe ń fún ìbàdí náà ló ń fún ọmú. Mo fi wọn orí ọmú lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 38, 37¾, 38¼. Téèpù àwọn téló sọ 39 lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti gbé e kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Ìwọ̀n mẹ́ta àkọ́kọ́ wà lábẹ́ ọmú, ibi tí ọmú ti pàdé àyà gan-an, láìsí aṣọ kankan lára. Àkọ́kọ́, téèpù á kàn sinmi lára: mo rí 34. Ìkejì, á lẹ̀ mọ́ ara dáadáa láìfún ún: 33. Ìkẹta, mo mí gbogbo èémí síta, mo fa téèpù títí ó fi ń dùn mí díẹ̀: 31½. Àbúrò mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò ó bóyá téèpù dọ́gba pẹ̀lú iwájú, torí pé tó bá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, nọ́ńbà á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá dá wà lè yà sí ẹ̀gbẹ́ níwájú dígí kó wo ìlà téèpù. Ìwọ̀n tó lẹ̀ mọ́ ara yẹn ni olórí. Èyí tó le jù ń jẹ́ kí á mọ bí ẹran tó bo egungun ìhà ṣe pọ̀ tó: ẹni tí ìyàtọ̀ méjèèjì bá pọ̀ gan-an lè fara mọ́ nọ́ńbà tó kéré sí i.

33 kò sí lára kọ́mú tí wọ́n ń fi íńṣì kà. 28, 30, 32, 34, 36, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Torí náà, 34 ni mo mú, mo fi 32 sí ẹ̀gbẹ́ kan pé màá dán an wò. Kò sí 4 kankan tí mo fi kún un. Fífi 4 kún un yẹn lè ní ìtumọ̀ lára aṣọ tí kì í nà, níbi tí èèyàn ti nílò àyè kó tó lè mí. Ọdún 1958 ni Joseph Shivers ṣe fọ́nrán tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lycra ní ilé iṣẹ́ DuPont. Irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀yìn kọ́mú tí à ń wọ̀ báyìí, ó sì ń nà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé 38 tó ń nà lé àyà tí kò ju 33 lọ, kí ló fẹ́ dì mú? Apá tó yí èèyàn ká yìí ló yẹ kó gbé ọmú dúró. Tí kò bá di àyà mú, gbogbo ẹrù á bọ́ sórí okùn èjìká. Ohun tó kọ ilà sí èjìká mi nìyẹn.

Ìwọ̀n mẹ́ta tó kù wà lórí ọmú, níbi tó ti yọ síwájú jù. Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Mo dúró ṣánṣán, mo rí 39. Kò sí ohun tuntun nínú ìyẹn. Lẹ́yìn náà, mo tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, títí ẹ̀yìn mi fi tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, ọmú sì rọ̀ wálẹ̀. Àbúrò mi na téèpù gba ẹ̀yìn mi, ó mú un kọjá abíyá méjèèjì, ó pàdé níwájú ní ibi tí orí ọmú wà. Ó ní, "Ẹ má sémìí mọ́nú, ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí." Ó kà á. Ó tún un kà. "41." Mo ní kó tún un wọ̀n. 41 náà ni.

Íńṣì méjì! Níbo ló wà nígbà tí mo dúró? Mo nà ró níwájú dígí, mo tún tẹ̀, mo tún nà ró, mo ń fi ọwọ́ tọpa rẹ̀. Ọmú tèmi rọ̀. Tí mo bá dúró, apá kan nínú rẹ̀ á tẹ́ sórí igbá àyà, apá kan á yà sí ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ abíyá, téèpù á kọjá lórí rẹ̀ láìkà á. Tí mo bá tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á kóra jọ síbi tí wọ́n ti lè kà á. Ẹran ẹ̀gbẹ́ abíyá yẹn, tí mo ti ń fi aṣọ fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ bò láti ọdún yìí wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ọmú ni. Kọ́ọ̀pù tó kéré, ìyẹn apá kọ́mú tó ń gba ọmú, ló tì í síbẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀.

Ìkẹfà ni kí èèyàn dùbúlẹ̀ lẹ́yìn. Ọmú á tẹ́, á sì tú ká sí ẹ̀gbẹ́. Mo rí 38½. Òun ló ṣòro jù láti dá ṣe, torí pé téèpù gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ ẹ̀yìn kí èèyàn tó dùbúlẹ̀, kò sì rọrùn láti fi ojú ara ẹni ka nọ́ńbà orí àyà. Ẹni tí kò bá ní olùrànlọ́wọ́ lè di téèpù mú pinpin pẹ̀lú ìka níbi tó ti pàdé, kó dìde, kó wá kà á.

Mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 39 àti 41 àti 38½, mo pín in sí mẹ́ta, ó fún mi ní 39½. Mo yọ 34 kúrò, ó ku 5½. Ní ìlànà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, íńṣì kọ̀ọ̀kan ni lẹ́tà kan: 1 ni A, 2 ni B, 3 ni C, 4 ni D, 5 ni DD, 6 ni E, 7 ni F. Mo wà láàárín DD àti E.

Ẹ̀rù bà mí. Òótọ́ ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ D bí ẹni pé òpin ayé ni, ìgbà tí ẹnì kan wá fi E lọ̀ mí, mo rò pé a ti ṣi ìṣirò ṣe. Ìtàn lẹ́tà wọ̀nyí ràn mí lọ́wọ́. Lọ́dún 1932 ni ilé iṣẹ́ S. H. Camp ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà pín ọmú sí ọ̀nà, A dé D nìkan ni wọ́n sì lò. Àwọn lẹ́tà tó wà lẹ́yìn D kàn jẹ́ ibi tí ìkà náà gùn dé lẹ́yìn ìgbà náà ni.

Ohun tó mú ìbẹ̀rù náà kúrò pátápátá ni nǹkan kan tí mo fi ojú ara mi rí. Tí nọ́ńbà bá fi sáìsì kan wálẹ̀, tí lẹ́tà sì fi ọ̀kan gòkè, inú kọ́ọ̀pù kò yí padà. 38C, 36D, 34DD: ọmú kan náà ló ń gbà. Mi ò gbà á gbọ́. Nígbà tí 34DD tí mo rà dé, mo gbé 38C mi àtijọ́ kalẹ̀, mo ki kọ́ọ̀pù ọ̀kan sínú èkejì. Wọ́n wọ ara wọn bí abọ́ méjì tí wọ́n rà pọ̀. Wáyà bá wáyà mu, etí bá etí mu. Ẹ̀yìn tí a ń dè yẹn nìkan ló yàtọ̀: ti 38 gùn ju ti 34 lọ dáadáa, bí mo ṣe dì í mú lókè, ó rọ̀ wálẹ̀ kọjá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń bẹ̀rù DD, DD ni mo ń wọ̀, lára ìgbànú tó fẹ̀ jù fún mi.

Mẹ́ta ni mo rà láti dán wò, irú kan náà, kí n lè dá èyí tí kò bá wọ̀ mí padà: 34DD, 34E àti 32F. Téèpù ń fúnni ní ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ara ló ń parí ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí mo fi yẹ wọ́n wò rèé. Mo kọ́kọ́ yí kọ́mú sẹ́yìn, kí kọ́ọ̀pù wà lẹ́yìn mi, kí ìkọ́ wà níwájú, kí n lè mọ bí ìgbànú rẹ̀ ṣe di àyà láìsí ọmú nínú rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú 38C, ìkúùkù mi odindi wọ abẹ́ rẹ̀. Ti 34, ìka méjì ni, ó sì di ara mú. Ti 32 kò gbà ju ìka kan lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlà ìkọ́ tó tú jù ni mo fi sí. Ìlà tó tú jù yẹn ló yẹ kí kọ́mú tuntun ti wọ èèyàn, torí pé yóò máa nà bí à ń fọ̀ ọ́, a ó sì máa bọ́ sí ìlà inú. Tèmi ti dé ìlà kejì báyìí.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo tẹ̀ síwájú, mo ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú kọ́ọ̀pù òsì, mo wá ẹran láti ìsàlẹ̀ abíyá, mo kó o wá sínú kọ́ọ̀pù, mo ṣe ìkejì bákan náà. Ẹ má fo èyí. Kí n tó ṣe é, 34DD dà bí ẹni pé ó pé. Lẹ́yìn tí mo ṣe é, etí rẹ̀ gé ọmú òsì mi sí méjì, èyí tó wà nínú àti èyí tó ń dìde lókè. Òsì mi ló tóbi ju ọ̀tún lọ, ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó tóbi ni kọ́mú gbọ́dọ̀ gbà, a ó fi okùn èjìká tún èkejì ṣe. 34E gba òsì láìgé e. Wáyà rẹ̀ tẹ̀lé ìlà abẹ́ ọmú títí dé àárín abíyá, kò gun ẹran kankan, ojú àárín kọ́ọ̀pù méjèèjì sì fara kan egungun àyà mi. Nínú gbogbo kọ́mú tí mo ti wọ̀, ibẹ̀ yẹn kò fara kan àyà mi rí. Mo nawọ́ sókè. Kò gòkè. Mo jókòó, mo dìde, mo tún nawọ́ sókè, àbúrò mi ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wá sójú mi.

Kí n sọ ti àṣìṣe kan, kí ó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Inú mi dùn, mo lọ ra 34E méjì sí i níbòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dé, wọ́n sì kéré. Ìlànà ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ ọ́, wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀ níbi kankan lójú ìwé tí mo ti rà á. Ní Amẹ́ríkà, DD àti E lè jẹ́ nǹkan kan náà, èyí tó tẹ̀ lé e ni DDD tàbí F. Tèmi, DDD ni níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, wọn kì í kọ lẹ́tà méjì pọ̀, sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n sì fi ń ka igbá àyà, torí náà 75F ni mí lọ́dọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ ti Faransé, wọ́n á fi 15 kún nọ́ńbà, á di 90F. Ara kan náà, ọmú kan náà. Ẹ máa wo èyí tí wọ́n fi kọ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Ó bí mi nínú pé wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń rà láti máa méfò.

Ibi tí ọ̀nà yìí kù sí ni pé kò sọ nǹkan kan nípa ìrísí ọmú. Ọmú kan kún lókè, òmíràn kún nísàlẹ̀. Ìdí ọmú ẹnì kan gbòòrò, ti ẹlòmíràn ṣe tóóró. Tèmi kún nísàlẹ̀. Mo wọ 34E tí kọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ fóòmù tí wọ́n ti mọ tẹ́lẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ lókè, ó dà bí ẹni pé ó tóbi. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí n padà sí DD. Mo wá wọ èyí tí wọ́n fi aṣọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta rán pọ̀, tí ojú ìránṣọ rẹ̀ hàn lára kọ́ọ̀pù, sáìsì kan náà, ó sì bá mi mu bí awọ. Kò sí téèpù tó lè sọ ìyẹn fúnni. Olùwọ̀n tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń fi ojú wò tó sì ń fi etí gbọ́, lè sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá a. Tó bá fẹ́ wọ̀n yín lórí aṣọ, tó sì fẹ́ fi 4 kún un, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Ọjọ́ tí èèyàn wọn ara rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ọmú mi máa ń wú ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú nǹkan oṣù. Mo wọ̀n ọ́n lásìkò náà, ìwọ̀n tí mo tẹ̀ ṣe fi nǹkan bí íńṣì kan gòkè. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti lọ, kí ẹ sì ní kọ́mú kan tó túbọ̀ rọ̀ fún ọjọ́ tó kù. Ẹni tó lóyún, ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó sanra tàbí tó rù, kó tún un wọ̀n, nọ́ńbà àná kò ní ṣiṣẹ́ fún un. Tí ọmú kan bá sì ṣàdédé yí padà, tó wú tàbí tó yí ìrísí padà láìní ìdí, ẹ gbé téèpù sílẹ̀, kí ẹ lọ rí dókítà.

Nínú márùn-ún, mo fún ọ̀nà ìwọ̀n mẹ́fà yìí ní mẹ́rin. Ìrísí ọmú tí kò kàn ló gba ọ̀kan tó kù. Téèpù àwọn téló gba márùn-ún. Èyí tó ní bọ́tìnì gba méjì, fún iṣẹ́ yìí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ní àkókò láti wọn orí ọmú, ẹ má fi dúró ṣe é. Ẹ tẹ̀ síwájú.

Ilà èjìká mi ti ń parẹ́. Ti ọ̀tún ti lọ tán, ti òsì ṣì hàn díẹ̀ tí mo bá dúró sí ojú fèrèsé. Àbúrò mi ní kí n wọn òun náà lọ́jọ́ Sátidé. 36B lòun ń wọ̀, ó sì máa ń fa okùn èjìká rẹ̀ bí mo ṣe máa ń fà á. Mo ti mú téèpù jáde lálẹ́ àná, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rúlà. 12 rẹ̀ ṣì wà níbi tí 12 wà.